Ta ni ó ń ṣọ́ òkun tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan?

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde (ẹni tí ó béèrè):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ ẹja títà ni mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi ní ọjà Òkè-Àjè, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ẹlẹ́ja níbẹ̀. Títọ́ọ̀sì, kòtè àti sáwà ni a ń tà jù, ṣùgbọ́n pánla líle tí a ń fi ayùn gé sí wẹ́wẹ́, àti orí pánla tí ẹni tí kò lágbára àtira odindi máa ń rà sí ọbẹ̀, ni ó ń mú èrè gidi wọlé, pàápàá nígbà Ojúde Ọba, nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ kì í gbẹ́yìn nínú ohun tí a fi ń ṣe àlejò.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí iye tí a fi ń ra àpò pánla kan ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí a bi ẹni tí ó ń kó o wá fún wa láti Èkó, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju ti dọ́là lọ, pé òkun tí wọ́n ti ń pa ẹja náà ti ń móoru, ẹja sì ti ń dínkù níbẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ pé irọ́ oníṣòwò ni. Èmi kò lè pè é ní irọ́, nítorí pé àbúrò mi tí ó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè náà ti sọ fún mi pé yìnyín tí ó bo òkun ní ìpẹ̀kun àríwá àti ìpẹ̀kun gúúsù ayé ti ń yọ́, àti pé omi tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lè bo àwọn ará wa ní Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé oko ní olóko, odò ní àwọn tí ó ni ín, ọ̀sà pàápàá ní ìdílé tí ó ń sọ ibi tí àlejò lè dẹ ìgèrè sí. Ta ni ó ni òkun tí ó wà ní ìpẹ̀kun ayé? Ta ni ó ń ṣọ́ ọ, ǹjẹ́ ìṣọ́ náà sì ń ràn án? Ǹjẹ́ àwa tí a jókòó sí Ìjẹ̀bú ní ohun kankan tí a lè sọ sí i? Mo fẹ́ ka ìdáhùn yín ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé gbogbo wa.

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí i pé ohun tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé a ń da yìnyín méjì tí kò jọra pọ̀. Ní àríwá, òkun ni ó wà láàárín tí ilẹ̀ yí i ká. Yìnyín ibẹ̀ jẹ́ omi òkun tí ó dì, tí ó sì ń léfòó. Ní gúúsù, ilẹ̀ ni ó wà láàárín, èyí tí à ń pè ní Antarctica, tí òkun sì yí i ká. Yìnyín tí ó wà lórí ilẹ̀ náà nípọn débi pé ó ju kìlómítà méjì lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Greenland tí ó wà ní àríwá náà ní irú yìnyín orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wo abọ́ ńlá tí o fi ń tọ́jú ẹja rẹ. Bí yìnyín bá ti ń léfòó nínú omi abọ́ náà tẹ́lẹ̀, tí ó bá yọ́, omi kò ní kún sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé yìnyín mìíràn láti ìta wá dà sí i, yóò kún dẹ́nu, yóò sì ṣàn sílẹ̀. Yìnyín tí ó ń léfòó lórí Òkun Arctic kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan kún òkun bí ó bá yọ́. Èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ ni ó ń fi kún un. Bí gbogbo yìnyín Greenland bá lọ, òkun àgbáyé yóò ga sí i ní nǹkan bíi mítà 7, ti Antarctica yóò sì gbé e ga ní nǹkan bíi mítà 58. Ìyọ́tán bẹ́ẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi òkun fúnra rẹ̀ sì máa ń wú bí ó bá ti móoru. Láàárín ọdún 1901 sí 2018, òkun ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i, eré tí ó fi ń ga báyìí sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹnìkan yóò wá béèrè pé, bí yìnyín tí ó ń léfòó kò bá ń mú kí òkun kún, kí ni à ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà? Funfun rẹ̀ ni. Yìnyín tí òjò dídì bò lè dá ohun tí ó tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sí òfurufú, nígbà tí omi òkun tí kò ní ìbòrí ń gba ohun tí ó ju ìdá 90 lọ sára. Bí yìnyín bá ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni òkun ń gba ooru sí i, ooru náà á sì tún yọ́ èyí tí ó kù. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì wọn yìnyín yìí láìdáwọ́dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà níbùú lóròó ni ó kù ní àríwá, ìyẹn bí ìdajì èyí tí ó máa ń wà níbẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Gúúsù tí ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò mì náà ti mì: ní oṣù kejì ọdún 2023, yìnyín orí òkun tí ó yí Antarctica ká kò tó mílíọ̀nù 1.8 kìlómítà níbùú lóròó, kò sì tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wò ó.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò, nítorí pé ó kàn wá gan-an. Òkìtì yìnyín ńlá wúwo débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bí yìnyín Greenland bá ti ń dínkù, agbára tí ó fi ń fa omi náà ń dínkù, omi tí ó ti kó jọ sí àyíká rẹ̀ á sì tú ká lọ sí ibi tí ó jìnnà. Nítorí èyí, òkun lè lọ sílẹ̀ ní etí Greenland gan-an, kí ó sì ga ju bí ó ti yẹ lọ ní agbègbè ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ibẹ̀ jìnnà sí wa, kí ó mọ̀ pé jíjìnnà náà ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tiwa.

Aya Apẹja, Ìwópin:

Ẹ kú ọgbọ́n o, Bàbá. Ohun tí ẹ kọ yé mi yékéyéké, mo sì kà á sókè fún ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a wà létí omi.

Bí ọkọ mi bá ti ọ̀sà dé láàárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí n jókòó ti àwọ̀n, kí n máa tú ohun tí ó há sí i lára. Ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà ni, ike ẹlẹ́rìndòdò ni, sílípáàsì tí okùn rẹ̀ ti já ni, ewéko tí ó bo ojú omi pitimu ni. Àwọ̀n mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀bọ̀kún àti epìyà lọ. Ẹni tí ó bá fi ìbínú fa ọ̀rá náà yóò fà á ya mọ́ àwọ̀n, nítorí náà a ń fi ìka tú u ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí oòrùn yóò fi mú. Nígbà mìíràn ọ̀rá á wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á dákú sójú ọ̀sà, wọn á sì fi àjẹ̀ wà á dé ilé. Odò Ọ̀ṣun ń gba ọ̀pọ̀ ìlú kọjá kí ó tó dé ọ̀sà wa, gbogbo ohun tí wọ́n sì jù sínú gọ́tà lókè lọ́hùn-ún ni ó ń kó wá bá wa. Èyí tí àwọ̀n wa kò bá gbá mú ni ó ń bá ọ̀sà lọ sí Èkó, tí ó ń bọ́ sínú òkun. Mo gbọ́ pé wọ́n ti rí ẹ̀rún ike nínú yìnyín ìpẹ̀kun àríwá. Kò yà mí lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí nìyí. Gbogbo Áfíríkà pátá, èéfín tí a ń tú sí afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé lọ. Àwọn tí ó fi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jó èédú àti epo ni ó mú ayé gbóná. Kí ni wọ́n ṣe ń wá bá tálákà tí ó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja, pé kí ó wá bá wọn ṣọ́ òkun? Mo ní ẹbí ní Ayétòrò, lápá Ìlàjẹ. Ilé tí a ti jẹun rí níbẹ̀, òkun ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Nígbà tí ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ mítà 7 tí ó ń bọ̀, àwa ń ka ilé tí ó ti lọ. Ẹ má bínú bí mo bá sọ ọ́ le.

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù:

Màmá láti Ìwópin, kò sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni òkun, n óò sì padà sórí ohun tí ẹ sọ, nítorí pé ilé ẹjọ́ kan ti dá a lóhùn ju bí mo ti lè dá a lóhùn lọ.

Gẹ́gẹ́ bí Òfin Òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 1982, orílẹ̀-èdè tí ó bá wà létí òkun ni ó ni àṣẹ lórí ẹja àti ohun àlùmọ́nì inú omi rẹ̀ títí dé 200 máìlì òkun sí etí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó bá kọjá ibẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo òkun. Títí di àìpẹ́ yìí, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn yẹn ni kò ní ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Gúúsù ni ó kọ́kọ́ rí ìtọ́jú. Ní ọdún 1959, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí àdéhùn pé ilẹ̀ Antarctica kò ní di ibi ogun, àti pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọn yóò máa wá níbẹ̀. South Africa nìkan ni ó wà nínú wọn láti Áfíríkà. Ní ọdún 1991, wọ́n fi òfin mìíràn kún un tí ó ka ìwakùsà léèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti omi ni ó kàn wá jù. Ẹran omi kékeré kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní krill, ó jọ edé, òun sì ni àbùùbùtán, ẹyẹ pẹ́ńgúìnì àti ọ̀pọ̀ ẹja ń jẹ. Abẹ́ yìnyín orí òkun ni àwọn ọmọ krill ti ń rí ewé omi jẹ ní ìgbà òtútù. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó o ní àkótán, wọ́n ṣe àdéhùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1982, èyí tí ó sọ ohun tí òfin ẹja kò wọ́pọ̀ láti sọ nígbà náà: pé ẹni tí yóò bá pa krill gbọ́dọ̀ ro ti àwọn ẹranko tí ó ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ka gbólóhùn yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dára jù nínú gbogbo òfin tí mo ti kà.

Lábẹ́ àdéhùn yẹn ni wọ́n ti ya Òkun Ross, tí ó wà létí Antarctica, sọ́tọ̀ ní ọdún 2016. Ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.55 kìlómítà níbùú lóròó, ìyẹn ju gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, wọ́n sì ka ẹja pípa fún títà léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún ọdún 35 ni, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kejìlá ọdún 2017. Ibi tí ó kù sí ni pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ panu pọ̀ kí ohunkóhun tó lè di ṣíṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń mú àbá wá pé kí a ya ìlà-oòrùn Antarctica àti Òkun Weddell náà sọ́tọ̀, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò sì gbà, ọ̀rọ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé ẹnu kan tàbí méjì lè so ọwọ́ gbogbo àwọn yòókù.

Àdéhùn tuntun lórí òkun tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, èyí tí wọ́n fẹnu kò sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ó di òfin ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2026, lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè 60 ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Lábẹ́ rẹ̀, bí wọn kò bá lè fẹnu kò lórí ibi tí a fẹ́ yà sọ́tọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ó bá dìbò lè fọwọ́ sí i kí ó sì di ṣíṣe.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò lè dènà ooru. A lè lé ọkọ̀ apẹja kúrò nínú Òkun Ross, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lé omi gbígbóná. Òkun ti gba ohun tí ó ju ìdá 90 lọ nínú ooru tí èéfín wa fi kún ayé, àti bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́nì náà fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ń mú kí omi rẹ̀ kan sí i, débi pé ẹran omi oníkarawun ń ṣe wàhálà kí ó tó lè kọ́ karawun rẹ̀. Omi tútù máa ń gba kábọ́nì ju omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń yọ ìpẹ̀kun ayé lẹ́nu ṣáájú.

Ibí ni mo ti fẹ́ dá yín lóhùn, Màmá. Àwọn erékùṣù kéékèèké, tí èéfín tiwọn kò tó nǹkan, tí òkun sì ń bò mọ́lẹ̀, ni ó lọ bá Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fún Òfin Òkun pé kí ó sọ bóyá òfin kan èéfín yìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà sọ pé èéfín tí ó ń mú ayé gbóná wà lára ohun tí òfin pè ní ìbàjẹ́ òkun, àti pé ojúṣe orílẹ̀-èdè gbogbo ni láti gbé ìgbésẹ̀ tí yóò dín in kù, kí àwọn tí agbára wọn pọ̀ sì ṣe jù. Tálákà ni ó béèrè, tálákà náà sì ni a dá láre. Ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, kí a ka tiwa mọ́ ọn. Láti ọdún 1979 ni Nàìjíríà ti ṣe òfin pé kí àwọn tí ó ń wa epo má ṣe jó gáàsì dànù mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984. Iná náà ṣì ń jó di òní.

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tẹ ohun tí ẹ kọ jáde, a ó kà á. Màmá Ìwópin, ẹ kú ìfaradà. A óò bá àwọn tí ó ń jù ọ̀rá sí gọ́tà ní ọjà wa sọ̀rọ̀, mo ṣèlérí rẹ̀ fún yín.

Ó ku díẹ̀ tí n kò tíì rí ìdáhùn sí. Ti Ayétòrò, ṣé omi yìnyín ni ó ṣe é? Ti pánla, ṣé òótọ́ ni oníṣòwò wa sọ? Àti pé bí ẹja bá ń sá fún ooru lọ sí abẹ́ yìnyín àríwá, tí yìnyín náà sì ń ṣí kúrò, kí ni yóò dá ọkọ̀ apẹja dúró kí ó má lé e dé ibẹ̀?

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ti Ayétòrò, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Òkun tí ó ń ga wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni ó ń dáàbò bo etíkun, iyanrìn náà sì ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn ní ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, iyanrìn kó jọ sí apá kan, apá kejì sì ń jẹ wọlé. Bí òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach nìyẹn. Ìdídò lókè odò ń dá iyanrìn dúró, etí Ìlàjẹ sì jẹ́ ilẹ̀ ẹrẹ̀ rírọ̀ tí ó ń rì díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tí òkun bá fi ga tó láti gbé ìgbì wọ ilé onílé. Mo sọ èyí kí ìjọba tiwa má baà fi yìnyín ṣe àwáwí, kí ó má ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí a bá sì fi igi ẹ̀gbà sílẹ̀ láìgé ní Wọ́tásáìdì, yóò máa di ẹrẹ̀ mú fún wa.

Ọmọ Ìpẹru:

Mo gbé ní àríwá Nọ́wè rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti pánla. Òkun Barents, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkun Arctic, ni ẹja náà ń gbé. Bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ti dàgbà máa ń wẹ̀ wá sí etí erékùṣù Lofoten láti yé ẹyin, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pa wọ́n. Wọ́n ń so ẹja náà ní méjì-méjì ní ìrù, wọ́n ń fi kọ́ sórí àtẹ igi gíga lẹ́bàá òkun, láìsí iyọ̀, láìsí iná, láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Òtútù àti atẹ́gùn ni ó ń gbẹ ẹ́. Bí òtútù bá le jù, ẹran rẹ̀ á bàjẹ́. Bí ó bá móoru jù, eṣinṣin á bà lé e. Ẹ ti rí i pé ojú ọjọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Orí ní tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń so ó, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gé ahọ́n kúrò lára rẹ̀ láti fi pawó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orí pánla tí ẹ ń tà kò fi ní ahọ́n. Nàìjíríà ni púpọ̀ jù nínú orí náà ń bọ̀.

Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ni ó jọ ń pinnu iye tí a lè pa lọ́dọọdún, wọn kò sì fi ogun Ukraine tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022 dá a dúró. Ní ọdún 2021, iye tí wọ́n fọwọ́ sí ju 880,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní ọdún 2025, 340,000 tọ́ọ̀nù ni. Òótọ́ ni oníṣòwò yín sọ nígbà náà, pé ẹja ti dínkù. Ṣùgbọ́n kí ó má di gbogbo ẹrù náà lé ooru lórí. Nígbà tí omi Barents kọ́kọ́ ń móoru, pánla tàn ká, ó sì pọ̀ sí i. Láti ọdún mélòó kan ni ọmọ ẹja tí ó ń dàgbà kò ti tó mọ́, òye ìdí rẹ̀ sì ṣòro díẹ̀. Náírà tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 náà sì ń bẹ nínú owó tí ẹ ń san.

Bí owó ṣe ń ni yín lára tó, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín mọ̀ pé gígé tí wọ́n gé iye náà kù dára fún yín. Ní Kánádà, irú ẹja kan náà pọ̀ ní etí Newfoundland fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Wọ́n ń pa á lọ, wọ́n kò dín in kù nígbà tí ó yẹ, títí ìjọba fi ní láti ti gbogbo rẹ̀ pa ní ọdún 1992. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún ṣí i díẹ̀. Ẹja tí ó wọ́n lónìí ṣì ń bẹ. Èyí tí a pa tán kò ní í dé Òkè-Àjè ní iye owó kankan.

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù:

Ọmọ Ìpẹru ti sọ ọ́ dáadáa. Ó ku ìbéèrè tí ó kẹ́yìn, ti ọkọ̀ tí yóò lé ẹja dé abẹ́ yìnyín.

Àárín gbùngbùn Òkun Arctic, tí kò sí lábẹ́ orílẹ̀-èdè kankan, fẹ̀ tó mílíọ̀nù 2.8 kìlómítà níbùú lóròó. Yìnyín ni ó ti ń bò ó láti ayébáyé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó pẹja fún títà níbẹ̀ rí. Ní ọdún 2018, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Kánádà, Nọ́wè, Dẹ́ńmáàkì, Iceland, Ṣáínà, Japan, South Korea àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní bẹ̀rẹ̀ ẹja pípa fún títà níbẹ̀ títí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò fi sọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó di òfin ní oṣù kẹfà ọdún 2021, fún ọdún 16, yóò sì máa gùn sí i ní ọdún márùn-ún márùn-ún bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí òkun, èyí ni ó fún mi ní ìrètí jù, nítorí pé ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ju àwọ̀n ni wọ́n ti ṣe é. Láti oṣù keje ọdún 2024 náà ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dènà epo dúdú tí ó nípọn nínú ọkọ̀ tí ó ń gba Arctic kọjá, nítorí pé bí ó bá dà sómi, ó ṣòro láti kó kúrò. Èéfín rẹ̀ náà ń bà lé yìnyín, ó ń sọ ọ́ di dúdú, ó sì ń mú kí ó yára yọ́. Ó dùn mí pé wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn ọkọ̀ kan títí di ọdún 2029.

Ní ọdún 2037 ni àdéhùn ẹja yẹn yóò kọ́kọ́ pé. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn òkun gbogbo ayé ti ọdún 2023 ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ń ra ẹja ti lè ní ohùn lórí ibi tí a ó yà sọ́tọ̀. Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé iṣẹ́ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ yín, pẹ̀lú àwọn apẹja Ìwópin bí Màmá bá gbà, kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ilé iṣẹ́ náà àti sí aṣojú yín ní Àbújá, kí ẹ béèrè ibi tí Nàìjíríà bá àdéhùn náà dé, ẹni tí ó ń ṣojú wa ní àwọn ìpàdé rẹ̀, àti ìgbà tí wọn yóò wá gbọ́ ti àwọn ẹlẹ́ja. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀rá inú Ọ̀ṣun àti iná gáàsì sí i, nítorí pé àwọn yẹn wà ní ìkáwọ́ ìjọba tiwa. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. N óò bá yín wò ó láìgba kọ́bọ̀.